Bírékì Tí Kò Bọ́ Sí Ìdí Kankan

Nígbà tí Alhaji Àbdùlgàfár kú ní Òkè-Sopẹ́n, ó fi oko kòkó sílẹ̀, ó fi ilé méjì sílẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ kan sílẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méje aláwọ̀ eérú tó fi ń kó ìdílé rẹ̀ kiri. Oko àti ilé kò fa ìjà. Àáfà ní kí wọ́n pín wọn bí Kùránì ti wí, gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n sì lọ pín wọn bí Ìjẹ̀bú ti ń pín in látayébáyé, ní ìdí-igi. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́, ìdí mẹ́ta ni wọ́n sì pín ogún sí, ìdí tó bímọ púpọ̀ àti ìdí tó bímọ díẹ̀, ọgbọọgba ni. Ọkọ̀ ni kò ṣe é pín. Bàbá ti sọ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á, pé kí wọ́n máa fi gbé ara wọn. Ta ló máa gé ọkọ̀ sí mẹ́ta? Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ẹbí tó bá ti pinnu láti pín nǹkan. Wọ́n jókòó, wọ́n sì pín ìtọ́jú rẹ̀.

Ìdí ìyàwó kejì, tí Qowiyyu jẹ́ olórí wọn, gba táyà àti epo. Ìdí ìyàwó kẹta, tí Zulaikha ń ṣojú fún, gba ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì. Ìdí ìyàwó àgbà, ìyẹn ìdí Hàmídù tó jẹ́ dáwódù bàbá, gba ìwé ọkọ̀. Gbogbo wọn ní ó dára, wọ́n ka fátíhà, wọ́n túká. Bírékì kò bọ́ sí ìdí kankan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó. Lọ́jọ́ yẹn, bírékì náà ń mú dáadáa, ta ló sì máa ń rántí ibi tí kò dùn ún?

Òfin ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Lọ́dọọdún, kí ẹni tó ni ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò, kí wọ́n wo iná rẹ̀, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tẹ bírékì rẹ̀ wò, kí wọ́n tó fún un níwèé pé ọkọ̀ náà yẹ lójú títì. Lọ́dún àkọ́kọ́, Hàmídù gbé e lọ. Ó tò síbẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní iná ẹ̀yìn kan ò tàn, kó lọ tún un ṣe kó padà wá. Ó délé, ó bi Qowiyyu, Qowiyyu ní iná kì í ṣe táyà. Ó bi Zulaikha, Zulaikha ní iná kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Hàmídù ra gílóòbù náà fúnra rẹ̀, inú sì bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi búra pé òun ò ní gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò mọ́ láyé òun.

Bó ṣe di oníbàárà Ọládòṣù nìyẹn. Ọládòṣù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgó-Ìwòyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ló máa ń béèrè. Kí èèyàn tó mu omi tán, ìwé á ti jáde, á máa dán, òǹtẹ̀ á wà lára rẹ̀. Hàmídù ò béèrè ibi tí òǹtẹ̀ náà ti wá. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọgbọ́n ni wọ́n sì ń pè é. Lọ́dọọdún, ọkọ̀ á wà nílé lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ìwé rẹ̀ nìkan ni yóò lọ fún àyẹ̀wò.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé, bí ọdún ti ń gorí ọdún, Hàmídù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé náà gbọ́. Bí ẹnì kan bá bi í pé báwo ni ọkọ̀ bàbá yín, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti sọ ọ́ títí, ó ti di òótọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, àwọn méjì ló wọ ọkọ̀ náà. Ọ̀kan ni Alhaja Asimawu, ìyá tó bí Hàmídù. Èkejì ni Fáìzàh, ọmọ kan ṣoṣo tí Hàmídù bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè. Ìyá fẹ́ lọ wo àbúrò rẹ̀, Ìbíkẹ́, tó ń gbé ní Àbígí. Ìbíkẹ́ ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò, ó sì ń ránṣẹ́ pé ojú ẹ̀gbọ́n òun ni òun fẹ́ rí. Hàmídù ló yẹ kó gbé wọn lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ń bọ̀ wá kó pákó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Fáìzàh sì ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan pé kó jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ náà. Ọmọ náà ti kọ́ ọkọ̀ wíwà dáadáa, kì í ṣe oníwàdùwàdù. Hàmídù gbà.

Fáìzàh fi ẹ̀yìn yọ ọkọ̀ lábẹ́ igi, ó tẹ bírékì, ó dúró díẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Dádì, bírékì yìí máa ń wọlẹ̀ púpọ̀ kó tó mú."

Hàmídù ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó na ìka sí gíláàsì iwájú, níbi tó lẹ ìwé àyẹ̀wò mọ́, ìwé tuntun tó gbà lóṣù tó kọjá. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ùwé ẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ ẹ ni éè tíì mọ́ ọn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé ọkọ̀ tí òun fi kọ́ṣẹ́ kéré sí èyí. Ìyá rẹ̀ àgbà ti jókòó síwájú, ó ti di bẹ́líìtì, àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí tó fẹ́ gbé fún àbúrò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti wé gèlè láti ìgbà tí wọ́n kírun àárọ̀.

"Má sáré o, Fáìzàh," ló wí. "À ń rè Àbígí ni, éè ṣe Mẹ́kà."

Hàmídù rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì fún wọn. Fáìzàh ní àwọn á yà ní Àgó-Ìwòyè, òun fẹ́ gba aṣọ kan lọ́wọ́ Gbémi, ọ̀rẹ́ òun. Hàmídù ní kó má ṣe gbé fóònù bó bá ń wakọ̀, ohunkóhun tí ì báà jẹ́. Ó ní kò gbọdọ̀ gbé e, ì báà jẹ́ òun bàbá rẹ̀ ló ń pè é. Ọmọ náà ní òun gbọ́. Ọkọ̀ jáde, ó pa géètì dé, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù pákó rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Oòrùn ti ń gun nígbà tí Bùsúyì dé. Bùsúyì ni mẹkáníìkì tí gbogbo ẹbí náà ń gbé ọkọ̀ lọ bá ní Àtìkórí, ọmọ ìjọ Kérúbù, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Alùpùpù rẹ̀ ló gùn wá. Ó kí Hàmídù, ó ní jáàkì òun ni òun wá gbà, pé inú búùtù ọkọ̀ Alhaji ni òun gbàgbé rẹ̀ sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Qowiyyu wá pààrọ̀ táyà. Hàmídù ní kó fara balẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, pé ọkọ̀ ti lọ sí Àbígí.

Bùsúyì ò jókòó sórí àga tí wọ́n fà fún un. Ó bi í pé ọkọ̀ wo ló lọ sí Àbígí. Hàmídù ní ọkọ̀ Alhaji. Ó tún bi í bóyá wọ́n ti tún bírékì rẹ̀ ṣe níbòmíràn. Hàmídù ní bírékì wo.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Bùsúyì wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ọkọ̀ yẹn éè ní bírékì mọ́. Páàdì ti jẹ kan irin, ọ́ìlì bírékì sì ń jò. Mo sọ fún wọn."

Hàmídù bi í pé ta ló sọ fún. Bùsúyì ṣàlàyé. Nígbà tí òun tú táyà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni òun rí i. Òun pe Qowiyyu kó wá wò ó. Qowiyyu wò ó, ó mi orí, ó ní ìdí àwọn ò ní bírékì, táyà ni tàwọn, kí òun sọ fún Zulaikha. Òun pe Zulaikha lórí fóònù. Zulaikha ní bírékì kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n pé òun á sọ fún Bọ̀ọ̀dá Hàmídù bí ẹbí bá ṣèpàdé ní ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ọjọ́ Sọ́ńdè náà ni ọ̀la.

Hàmídù yọ fóònù lápò, ó pe Fáìzàh. Ó ń dún. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é, ó tún dún títí ó fi dákẹ́. Ìgbà yẹn ló rántí ohun tó sọ fún ọmọ náà lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa a sì máa gbọ́ràn. Ó pe ìyá rẹ̀. Ó sáré wọ inú ilé bí ó ti ń pè é, ó sì gbọ́ fóònù náà tó ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí ní yàrá ìyá. Gèlè ni ìyá rántí, kò rántí fóònù.

"Gbé mi," ló wí fún Bùsúyì. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí àti lára, wọ́n sì gba ọ̀nà Orù.

Ìrètí kan ló kù fún un, pé Gbémi á ti dá wọn dúró pẹ́, bí àwọn ọmọbìnrin bá ríra wọn, ọ̀rọ̀ wọn kì í tètè tán. Wọ́n dé ilé Gbémi ní Àgó-Ìwòyè. Gbémi jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní wọ́n ti lọ tipẹ́, pé ìyá àgbà ò tilẹ̀ jẹ́ kí Fáìzàh jókòó, ó ní àbúrò òun ń retí òun. Hàmídù ń wo ojú ọ̀nà bíi pé wọ́n lè ṣì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ti fẹ́ jáde nílùú, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọládòṣù kọjá. Ọládòṣù rí i, ó juwọ́ sí i. Hàmídù lu Bùsúyì léjìká pé kó dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ Ọládòṣù mú, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní bó bá mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn aláyẹ̀wò tó wà lọ́nà Àbígí, kó bá òun pè wọ́n. Kí wọ́n dá ọkọ̀ òun dúró. Kí wọ́n gbà á, kí wọ́n tì í mọ́lé, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe. Látìgbà tó ti dáyé, kò sí ìgbà kankan tó gbàdúrà kí ìjọba mú ọkọ̀ òun.

Ọládòṣù rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa dá ọkọ̀ tó ní ìwé mi dúró? Ìwé tí mo bá ṣe, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì."

Ó rí ojú Hàmídù, ẹ̀rín náà kú. Ó wá sọ òtítọ́, òtítọ́ tí Hàmídù ò béèrè láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Òun ò dé ọ́fíìsì àyẹ̀wò rí láyé òun. Kọ̀ǹpútà òun rèé, òǹtẹ̀ rèé, ọmọ kan ló gbẹ́ ẹ fún òun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Hàmídù ti padà sórí alùpùpù.

Wọ́n já sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n bọ́ sí títì Bẹ̀níì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìyẹ̀fun pákó sí i lójú, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹkún nínú rẹ̀. Ó ń pe fóònù Fáìzàh bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tó bá sì dún tí kò gbé e, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀, á ní tó bá ń dún, ọkọ̀ ń rìn nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún ní bóyá ó ń dún níbi tí kò sẹ́ni tó lè gbé e. Ó sọ fún Bùsúyì kó sáré sí i. Bùsúyì ní òun ti ń sá gbogbo eré tó wà lára alùpùpù náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run ṣòwò. Yáà Allah, jẹ́ kí táyà jò. Ó wá rántí pé táyà tuntun ni, Qowiyyu ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n. Jẹ́ kí epo tán. Ó rántí pé Qowiyyu rọ epo kún inú rẹ̀, ó tilẹ̀ fi ṣe fọ́ńté fún gbogbo ilé. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Zulaikha ò kú rí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Zulaikha ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ Àbdùlgàfár ló ti ṣe ojúṣe tirẹ̀ pé. Ọkọ̀ náà ò ní àbùkù kankan, àfi pé kò lè dúró.

Ó gbìyànjú láti rántí ọ̀nà náà. Títì ńlá kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀, ẹni tó bá rọra ń lọ lè fi jíà mú ọkọ̀ ṣẹ́pá. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yà sí ọ̀nà Àbígí, ọ̀nà náà á gba inú igbó kọjá, òkè kan sì wà níbẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá odò kan, àwọn ajágbe tó ń kó gẹdú sì máa ń dúró sẹ́bàá rẹ̀. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń tẹ bírékì láti orí òkè. Fáìzàh ò gba ibẹ̀ rí.

Kí wọ́n tó dé òkè náà, wọ́n rí àwọn aláyẹ̀wò.

Ọkàn Hàmídù fò sókè. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ti fi igi dí apá kan ọ̀nà. Lábẹ́ àwọn igi mẹlínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n dá dúró wà níbẹ̀, àwọn tó ni wọ́n ń ráhùn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà wà nínú ọkọ̀ kan, ó ń tẹ bírékì rẹ̀, èkejì ń wo abẹ́ rẹ̀. Hàmídù ń wá àwọ̀ eérú láàárín wọn. Pupa, dúdú, funfun, pupa. Kò rí àwọ̀ eérú.

Ó bọ́ sílẹ̀ kí alùpùpù tó dúró tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó bá ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó bi í bóyá ó rí ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méje aláwọ̀ eérú, tí ọmọbìnrin kan ń wà, tí ìyá àgbàlagbà kan jókòó síwájú.

Ọkùnrin náà ní òun rí wọn. Òun gan-an ni òun dá wọn dúró. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, ó kí àwọn dáadáa. Ìwé wọn pé, ìwé àyẹ̀wò wọn tuntun, kò tíì ju oṣù kan lọ, nítorí náà àwọn ò tilẹ̀ dá wọn dúró pẹ́. Ìyá náà fún àwọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún àwọn pé Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn lójú títì. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń rántí rẹ̀.

"Ká ní ìwé wọn ò pé ńkọ́?" ni Hàmídù bi í.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí abẹ́ àwọn igi. "Wọ́n á wà níbẹ̀ yẹn. À bá ti tẹ bírékì wọn wò."

Bùsúyì ló ṣàlàyé fún ọkùnrin náà, ní kúkúrú. Ẹ̀rín lọ lójú rẹ̀. Ó ké sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó gbé ọkọ̀ wọn, kó máa tẹ̀ lé àwọn bọ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́. Láti orí òkè ni wọ́n ti rí àwọn èèyàn tó pé jọ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà ti kọlu ẹ̀yìn ajágbe kan tó kó gẹdú, apá ọ̀tún rẹ̀ ló wọlé, apá ibi tí èrò iwájú ń jókòó. Gààrí fọ́n sójú títì. Ẹnì kan ti fa ìyá Hàmídù jáde, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lórí ewé, wọ́n fi gèlè tó wé láàárọ̀ bò ó lójú.

Hàmídù kúnlẹ̀ tì í. Ó ṣí gèlè náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó dà á bò ó padà. Ó ní innā lillāhi. Kò rí ìyókù sọ. Ó fi orí rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì ké bí ọmọdé, kò bìkítà ta ló ń wò ó.

Fóònù rẹ̀ dún lápò. Ó rò pé Fáìzàh ni. Qowiyyu ni. Ìròyìn ti dé Òkè-Sopẹ́n, ìròyìn búburú kì í wọ ọkọ̀ kó tó dé. Qowiyyu ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé táyà ni?" Hàmídù ní kì í ṣe táyà. Ó gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ lọ́bàkan ti mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó pa fóònù náà. Kò bínú sí i. Òun náà mọ irú èémí yẹn, òun náà ì bá mí bẹ́ẹ̀ ká ní ìwé ni kò pé.

Fáìzàh jókòó sórí kùkùté igi kan. Wọ́n ti fi aṣọ so apá rẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọrùn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i níwájú orí. Kò sunkún. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá àwọn aláyẹ̀wò ti dé, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń rọra bi í bí ó ti ṣẹlẹ̀. Hàmídù dìde, ó lọ bá wọn.

Ọmọ náà ń ṣàlàyé. Ó ní òun tẹ bírékì láti orí òkè, ó wọlẹ̀. Òun tún un tẹ̀, kò mú. Òun fà á sí jíà kékeré, òun ń tẹ fèrè, ìyá àgbà ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà bi í bóyá bírékì náà ti ń ṣe báyìí tẹ́lẹ̀.

"Rárá, sà," ni Fáìzàh wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe bírékì. Dádì mi gbé e lọ fún àyẹ̀wò lóṣù tó kọjá, ìwé rẹ̀ ló wà lójú gíláàsì yẹn. Ẹsẹ̀ mi ni. Wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni ò tíì mọ́ ọn, mi ò gbọ́. Èmi ni mo pa ìyá àgbà."

Gbogbo wọn yíjú sí ọkọ̀ náà. Iwájú rẹ̀ ti run, ṣùgbọ́n apá òsì gíláàsì náà ò fọ́, ìwé àyẹ̀wò sì wà níbẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Ọ̀gá àwọn aláyẹ̀wò wo ìwé náà, ó wo Hàmídù. Ó ti mọ̀. Bùsúyì náà mọ̀, ó gbójú sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀, Fáìzàh nìkan ni kò mọ̀, bí Hàmídù bá sì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ láéláé. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ sẹ́wọ̀n nítorí ìyá bàbá rẹ̀. Wọ́n á bá a kẹ́dùn, wọ́n á sìnkú, ẹbí á ṣèpàdé. Ọmọ náà á sì máa gbé ẹsẹ̀ yẹn kiri títí ayé.

Hàmídù jókòó sílẹ̀ nínú eruku níwájú ọmọ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Fáìzàh, ẹsẹ̀ ẹ kọ́."

"Ẹ má ṣe bẹ̀ mí, Dádì. Ṣebí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun Hàmídù. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń dúró de ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ, bó ti máa ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti kékeré, ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn rẹ̀.

"Ọkọ̀ éè rè ibì kankan," ni Hàmídù wí. "Ulé ló wà. Ùwé nìkan ló rè."